ILẸ̀ ALÍMỌ̀ṢỌ́: TA LÓ Ń GBÀ Á LỌ́WỌ́ WA?

Ọ̀rọ̀ tí alàgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgándò sọ níbi ìpàdé ìpolongo. A tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ti sọ ọ́.

  Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Ìyànà Ìpájà kí wọ́n tó dé ibí, àwọn mìíràn sì fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ààtàn Solous, wọ́n di imú dé ìpàdé. Ẹ ṣeun tí ẹ wá.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ àti àlejò. Èmi kọ́ ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Ní ìpàdé wa tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ wa kan gbé pátákó kan wá tí wọ́n fẹ́ kí a máa gbé kiri ọjà. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni: "Àlejò, ẹ palẹ̀ mọ́, ilẹ̀ wa ti tán." Àwọn kan pàtẹ́wọ́ fún un. Wọ́n ní pátákó yẹn á kó ìbò wálé bí ẹni ń kó àgbàdo. Ó ṣeé ṣe. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn ṣe òṣèlú, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìbínú a máa yára dé etí ju ọ̀rọ̀ òye lọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ alága wa pé kí wọ́n gbé pátákó náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn ná, kí n wí tèmi kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Kumasi ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n ń pè é ní Gold Coast, títí ó fi di Ghana, àwọn èèyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Èjìgbò, láti Ìnísà, láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Kò sí ọjà kan láti Accra títí dé òkè lọ́hùn-ún ní Tamale tí ẹ kò ní bá Yorùbá níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ń pè wá ní Aláta. Ilé wà fún wa, mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì wà fún wa, àwọn ọmọ wa ń sọ Twi bí ẹni mu omi. Bàbá mi ń ta aṣọ àti ìkòkò irin ní ọjà ńlá Kumasi.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia, tí àwọn ará Ghana ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn lọ́dún náà, gbé àṣẹ kan jáde. Àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, kí ó lọ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí kò bá rí i gbà, kí ó kúrò nílùú. Ọ̀sẹ̀ méjì o! Ẹni tó ti lo ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bí ọmọ méje síbẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Kì í ṣe ọlọ́pàá ni mo rántí jù. Ìwé gbèsè bàbá mi ni mo rántí. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó, wọ́n sì ń rán mi sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ẹni kan, á ní kí n padà wá lọ́la. Bó bá di ọ̀la, á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé kò sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Èèyàn burúkú kọ́ ni wọ́n o. Àwọn kan nínú wọn ti bá wa jẹ ẹran iléyá. Wọ́n kàn ti gbọ́ láti òkè pé ohun ìní àlejò kò ní olúwa mọ́ ni. Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa gba Lomé, gba Kòtònù, títí a fi wọ Ìdí-Ìrókò. Nínú gbogbo ohun tí a ní, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi ló bá wa délé.

Ẹ gbọ́ ìdí tí wọ́n fi lé wa. Wọ́n ní àwa la gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, àwa la gba ọjà, àwa la ń kó owó lọ. Lọ́dún 1970 wọ́n tún ṣe òfin tó fi òwò kéékèèké sílẹ̀ fún ọmọ Ghana nìkan. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní oṣù Kejìlá ọdún 1971, ìjọba kan náà gé iye owó cedi wálẹ̀, ọjà gbówó lórí. Lọ́jọ́ 13 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1972 àwọn ológun gba ìjọba mọ́ Busia lọ́wọ́. Àlejò ti lọ, ìyà kò bá wọn lọ.

Ẹ má pàtẹ́wọ́ ná. Ó kù tiwa.

Ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari, láti ẹnu mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé Alhaji Ali Baba, ní kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà kí oṣù náà tó parí. Ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ni, ẹ ṣírò rẹ̀. Wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ, ará Ghana ló pọ̀ jù. Ọ̀nà Badagry kún títí dé Sèmè. Ghana ti ti ibodè rẹ̀ pẹ̀lú Togo, nítorí náà àwọn èèyàn há sí Kòtònù, wọ́n sun ìta pẹ̀lú ọmọ ọwọ́. Báàgì alágbára onígun mẹ́rin, aláwọ̀ pupa àti búlúù, tí ẹ fi ń kó ẹrù lọ sọ́jà Ìkòtún títí dòní, ìgbà yẹn ló gba orúkọ "Ghana Must Go". Ẹ̀rín la fi ń pè é. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹgbẹ́dá la ń gbé nígbà náà. Télọ̀ kan tó jẹ́ ará Ghana wà ládùúgbò wa. Nígbà tí àṣẹ náà jáde, bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ agbádá, wọ́n gba ìwé gbèsè lọ́wọ́ télọ̀ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. "Aṣọ tí ó rán fún yín nígbà ìkómọ yẹn, ẹ san án. Ṣòkòtò yẹn, ẹ san án." Àwọn kan bínú sí wọn. Wọ́n gba owó náà débi tí wọ́n lè gbà á dé, wọ́n kó o lé e lọ́wọ́ kí ó tó wọkọ̀.

Ọdún ìbò ni ọdún 1983 o, ẹ má gbàgbé. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, iṣẹ́ ti dáwọ́ dúró, owó oṣù tíṣà kò wọlé, ìjọba sì nílò ẹni tí wọn yóò nàka sí. Wọ́n nàka sí télọ̀. Ṣé lẹ́yìn tí télọ̀ lọ, náírà wá ta kébékébé? Ṣé ìrẹsì wá pọ̀? Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà, ológun ti dé. Àwọn ológun náà tún lé àjèjì lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́dún 1985. Mo ń gbé Alímọ̀ṣọ́ ní ìgbà méjèèjì. Mi ò rí pulọ́ọ̀tì kan tó ti ibẹ̀ jáde.

(Ẹ̀rín láàárín àwọn èrò.)

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ibòmíràn. Láti Èjìgbò, ọkọ̀ tó ń lọ Abidjan ń gbéra bí ẹni ń lọ Ìbàdàn, nítorí ìdajì ìlú wà lọ́hùn-ún, ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wá láti ibẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1998, ìjọba Ivory Coast ṣe òfin pé ọmọ ilẹ̀ wọn nìkan ló lè jẹ́ onílẹ̀ ní ìgbèríko, àlejò kàn lè yá a lò ni. Òfin nìkan kọ́ ni wàhálà. Wàhálà ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara wọn wò pé ta ni ọmọ ilẹ̀ gan-an, ta ni bàbá rẹ̀, níbo ni ìyá rẹ̀ ti wá. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò títí ó fi di ogun lọ́dún 2002, ìlú pín sí méjì. Ní Ghana, ìwé òfin wọn ti ọdún 1992 kò gbà kí àlejò ní ilẹ̀ títí láé, àádọ́ta ọdún ni ó pọ̀ jù tó lè yá a. Lọ́dún 2013 wọ́n tún ṣe òfin tó ní àlejò tó bá fẹ́ ṣòwò títà gbọ́dọ̀ mú mílíọ̀nù kan dọ́là wá. Mílíọ̀nù kan dọ́là, fún ẹni tó ń ta páàtì fóònù! Láti ọdún 2019 sí 2020, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù àwọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì ní Accra. Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn kan tún jáde sí ìgboro Accra, wọ́n ń pariwo pé kí ọmọ Nàìjíríà máa lọ, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń wí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo wo pátákó tí ẹ gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Àwọn ọmọ wa tó ti japa náà ń kọ́? Canada ti fi òfin de àlejò láti ra ilé gbígbé láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n sì ti sún un síwájú di ọdún 2027, yàtọ̀ sí àwọn díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ọmọ wa tó bá lọ kàwé ní ìlú ọba kò lè mú ìyàwó àti ọmọ lọ mọ́, àfi bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ìwádìí ló lọ ṣe. Níbo ni ọ̀pọ̀ wọn ti rí owó tí wọ́n fi lọ? Ẹ má wojú mi. Ilẹ̀ Ìgándò ni wọ́n tà. Mo mọ ìdílé méjì ládùúgbò mi nìkan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò bá wọn wí, ọmọ ni wọ́n fẹ́ tọ́jú. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ka àwọn tó jẹ́ kí ilẹ̀ wa tán, ẹ jẹ́ kí a ka ara wa mọ́ ọn.

Ẹnì kan á sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Àgbà yìí fẹ́ kí a máa tu ilẹ̀ fún àjèjì." Rárá o. Ẹ gbọ́ mi yé.

Ilẹ̀ kì í ṣe àkàrà. Àwọn baba ńlá wa kò ta ilẹ̀ fún àlejò, wọ́n ń yá a lò ni. Àlejò yóò gbé obì àti ọtí wá, wọn yóò fi ibi tí yóò dáko hàn án, yóò sì máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun kọ́ ló ni ín. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ilẹ̀ àti àjèjì, tí wọ́n ti ṣe láti ọdún 1971, ọ̀nà ìṣákọ́lẹ̀ náà ló tọ̀. Ó ní ọmọ ilẹ̀ òkèèrè kò gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà àfi tí Gómìnà bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Lọ́dún 2017, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Abuja dá ẹjọ́ ará Jámánì kan tó fi owó ra ilé lórúkọ ilé iṣẹ́ kan. Wọ́n ní kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, nítorí kò gba àṣẹ.

Nítorí náà, olóṣèlú tó bá dé ẹnu ọ̀nà yín tó ní "ẹ dìbò fún mi, n ó ṣe òfin tí àjèjì kò fi ní lè ra ilẹ̀ yín," ẹ sọ fún un pé òfin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó ń ta ewúrẹ́ yín fún yín ni. Ẹ bi í pé: ìwé mélòó ni Gómìnà ti fọwọ́ sí fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè? Ilẹ̀ wo? Ọdún mélòó? Ta ni? Ẹ wo bí ojú rẹ̀ yóò ti rí.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí à ń pè ní àjèjì. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 43, sọ pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní ilẹ̀ àti ilé níbikíbi lórílẹ̀-èdè yìí. Ará Nnewi tó kọ́lé sí Ìkòtún, ará Kano tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdímù, ará Ìkẹ̀rẹ́ tó ra ààbọ̀ pulọ́ọ̀tì ní Ẹgbẹ́dá, kò sí àjèjì kankan nínú wọn lójú òfin. Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ nígbà ìbò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ìbò bá kọjá, ẹ ó rí wọn níbi ìkómọ ara wọn.

Lọ́dún 2006 ìjọba àpapọ̀ kà wá ní Alímọ̀ṣọ́, wọ́n ní 1,277,714 ni wá. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà kà wá, wọ́n ní a ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn jiyàn. Nínú iye yẹn, ta ni kò bá ẹrù wá? Àwọn Àwórì tó ni ilẹ̀, ẹ̀yin ẹbí onílẹ̀ wa tí mo rí níwájú yìí, mo júbà yín o. Ìtàn tiyín náà ni pé Ògúnfúnminíre, Ọlọ́fin, tẹ̀lé àwo lójú omi títí àwo fi rì ní Ìṣẹrí, wọ́n bá tẹ̀dó. Ẹ ò sọ pé Ìṣẹrí ló bí Ọlọ́fin.

(Ìyá kan láti Ẹgbẹ́dá na ọwọ́ sókè. Wọ́n ní: "Bàbá, àwọn ọmọ Kòtònù tó kún Ìkòtún ń kọ́? Àwọn kọ́ ni ọmọ Nàìjíríà.")

Ẹ ṣeun, ìyá wa. Òótọ́ ni, wọn kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fọwọ́ sí ní Dakar lọ́dún 1979 ló jẹ́ kí wọ́n lè wọlé fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìsí físà, òun náà ló jẹ́ kí ẹ̀yin lè lọ ra aṣọ ní Kòtònù láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ju ọjọ́ yẹn lọ, ó yẹ kí ó ní ìwé. Ẹni tó bá hùwà ọ̀daràn, ọlọ́pàá ló ni ín. Èmi kò sì fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà gba káàdì ìdìbò. Ẹni tó bá rí àgbà òṣèlú kan tó ń kó wọn lọ forúkọ sílẹ̀, kó wá sọ fún wa, orúkọ àgbà náà ni kó mú wá. Ṣùgbọ́n ìyá wa, ọmọ Kòtònù tó ń da búlọ́ọ̀kù, tó ń sùn sínú ilé tí kò ní ilẹ̀kùn, ilẹ̀ mélòó ló ti rà? Ẹlòmíràn nínú wọn, Kétu ló ti wá. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ló fa ìlà sáàárín wa lọ́dún 1889. Yorùbá rẹ̀ jinlẹ̀ ju ti ọmọ-ọmọ mi tó ń lọ sí ilé ìwé aládàáni lọ.

Ta ló wá ń gba ilẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó dé yìí.

Ẹ wo òkè. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé òfin ilẹ̀ jáde. Ó gbé gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé Gómìnà lọ́wọ́ kí ó máa bá aráàlú tọ́jú rẹ̀. Abala 28 fún un láṣẹ láti gbà á padà nítorí ànfààní gbogbo ènìyàn. Abala 29 sọ irú owó gbà-má-bínú tí wọn yóò san. Ẹ fetí sí i dáadáa: owó ilé àti owó irè oko ni. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ní owó, àfi owó ilẹ̀ tí ẹ bá ti san fún ìjọba lọ́dún náà. Bí ẹ bá sì ní owó náà kéré, abala 47 ní ilé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹjọ́ bóyá ó tó tàbí kò tó. Wọ́n ti so òfin yìí mọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè, ẹni tó bá fẹ́ tú u yóò làágùn.

Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Lọ́dún 1913 òyìnbó gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ ìdílé Olúwa, wọ́n ní ìdílé náà kò ní nǹkan kan ju owó ìṣákọ́lẹ̀ lọ níbẹ̀. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá wọn lọ. Lọ́dún 1921 ilé ẹjọ́ ọba gbà pé ìlú ló ni ilẹ̀, àwọn ìjòyè ń bá wọn ṣọ́ ọ ni, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. £22,500 ni wọ́n san. Kì í ṣe télọ̀ ni Olúwa bá ṣẹjọ́. Ìjọba ni.

Nígbà tiwa yìí, ẹ lọ sí Ìbẹ̀jù-Lekki. Lọ́dún 2006 ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ tó ń darí àgbègbè òwò òmìnira ibẹ̀ sílẹ̀. Ìpín ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà, ìyókù jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ àti ilé iṣẹ́ tí ìjọba fọwọ́ sí. Oko àwọn abúlé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò sọ pé kí ilé iṣẹ́ má wá o, àwọn ọmọ wa nílò iṣẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé àjèjì tó gba ilẹ̀ tó tóbi ju gbogbo Ìkòtún lọ, kò gbé báàgì pupa àti búlúù wá. Ọkọ̀ òfúrufú ló wọ̀, yàrá alátẹ́gùn ni wọ́n ti fún un ní ìjókòó, Gómìnà sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò.

Nílé níbí ńkọ́? Ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ Gowon Estate sí, ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé Jákàǹdè Abẹ́sàn sí, oko àwọn èèyàn ni. Bàbá Jákàǹdè kọ́ ilé fún mẹ̀kúnnù, a kò gbàgbé, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n títí dòní, ọ̀pọ̀ pulọ́ọ̀tì wà ní Alímọ̀ṣọ́ tí onílé ti kọ́lé sí fún ogún ọdún, tí ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba sì ń sọ pé ilẹ̀ ìjọba ni. Àwọn abúlé tí wọ́n ti dá ilẹ̀ wọn padà, inú gásẹ́ẹ̀tì ló wà. Mélòó nínú yín ló ti fojú kan gásẹ́ẹ̀tì? Ẹ na ọwọ́ yín. Mo rí ọwọ́ méjì, lọ́yà sì ni ọ̀kan.

Ẹ wo ìsàlẹ̀ náà. Olórí ẹbí tó ta pulọ́ọ̀tì kan fún ẹni mẹ́ta, ọmọ Ghana ni? Ajagungbalẹ̀ tó wá wó fẹ́ǹsì yín ní òru, Togo ló ti wá? Lọ́dún 2016 wọ́n ṣe òfin kan ní Èkó tó ní kí ajagungbalẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gba owó ìpìlẹ̀ àti owó dẹ́kìn mọ́. Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Ìgándò lọ́wọ́lọ́wọ́, kó sọ fún mi bóyá wọn kò gba owó dẹ́kìn lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ fi kan Ìkòtún díẹ̀. Ẹ̀yin ará Ìkòtún mọ̀ ju mí lọ. Àlejò láti South Africa, láti Zambia, láti ìlú òyìnbó pàápàá, wọ́n wọ́ wá síbẹ̀ fún àdúrà lọ́pọ̀ ọdún. Àwọn onílé sọ ilé wọn di òtẹ́ẹ̀lì, ìyá aláṣọ ń tà, oníṣẹ́ fóònù ń tà, ọlọ́kadà kọ́ èdè òyìnbó tipátipá. Kò sí ẹnikẹ́ni tó gbé pátákó nígbà náà. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò kan wó lé wọn lórí, ó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, ará South Africa ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n wá gbàdúrà lọ́dọ̀ wa, òkú wọn la dá padà. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi kánsù àti ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́jọ́ náà ni pé ta ló ń yẹ ilé wò, ta ló fún wọn ní ìwé ìkọ́lé, ṣé ó tilẹ̀ wà? Ìbéèrè kan náà ni lórí ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ni. Ta ló fọwọ́ sí i, níbo ni a ti lè rí i kà?

Ohun tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe kò pọ̀, nítorí mi ò fẹ́ ṣèlérí òṣùpá. Olùdíje wa sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò gbé àbá òfin lọ pé kí ìjọba máa lẹ orúkọ gbogbo ọmọ ilẹ̀ òkèèrè àti ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè tí Gómìnà fún ní àṣẹ ilẹ̀ mọ́ ara ògiri, lọ́dọọdún, ní kánsù kọ̀ọ̀kan àti ní ààfin ọba kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ìwọ̀n ilẹ̀, ọdún tí yóò lò ó. Bí ó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ ni, kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ni ín gan-an, nítorí àwọn ọmọ wa kan wà tó ń yá àjèjì ní orúkọ bí ẹni yá a ní fìlà. Kí ìwé ilẹ̀ tí ìjọba gbà àti èyí tí wọ́n dá padà wà ní kánsù, ní èdè Yorùbá, kí ìyá tó ń ta ata lè ní kí ọmọ òun ka á fún òun. Bí aṣòfin wa bá dé ibẹ̀ tó pa ẹnu mọ́, èmi fúnra mi ni n ó gbé pátákó lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, mi ò bá yín jà. Ilẹ̀ wọ́n, iṣẹ́ kò sí, ẹ ń bínú, ẹ sì jàre. Igi pátákó yẹn le, kò yẹ kí a sọ ọ́ nù. Ẹ lọ kùn ún ní funfun. Ẹ kọ ọ́ sí i pé: "Ìwé ilẹ̀ ta lẹ fọwọ́ sí?" Ẹ gbé e lọ sí ọjà Ìkòtún, ẹ gbé e lọ sí ibùdókọ̀ Ẹgbẹ́dá, èmi náà á bá yín di apá kan mú.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, láago mẹ́wàá àárọ̀, níbí kan náà, lọ́yà méjì àti ẹnì kan tó mọ ilẹ̀ wíwọ̀n yóò jókòó pẹ̀lú yín, wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Ẹ mú ìwé ilẹ̀ yín wá. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ mú wá o, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní ojúlówó, ì báà ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ẹni tí kò bá ní ìwé kankan, tó jẹ́ rìsíìtì tí olórí ẹbí fọwọ́ kọ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má tijú, kó mú un wá bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ òkèèrè, tó yá yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù, tí onílé ń yọ ọ́ lẹ́nu, òun náà lè wá.